Táyà Tí Kò Tó Ríìmù Rẹ̀

Ilé wa ní Ayépé,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ.

Bọ̀wálé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ilé tí o ń gbé ní Èkó kì í jò ní àkókò òjò yìí? Ọlọ́run tó jí ọ lónìí yóò máa jí ọ, kò ní fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọyì rẹ, àtijáde àtiwọlé rẹ yóò máa bọ́ sí rere. Ìyá rẹ Rachel ní kí n kí ọ. Ara rẹ̀ le, orúnkún nìkan ló ń dùn ún bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú. Ó ní gaàrí rẹ ti wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kan dáadáa bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀, kí o wá gbé e kí eku tó bá ọ jẹ ẹ́. Òrùlé ilé ìjọsìn wa tí ìjì ṣí ní oṣù karùn-ún, wọ́n ti kàn án padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kàn án, orí àlùfáà nìkan ni omi ń kán sí. Àwọn kan ní àmì ni, èmi ní kápẹ́ńtà ni.

O ó máa sọ nínú ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, o máa ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. O wá ní kí n máa fi ohùn ránṣẹ́, kí n di ibì kan mú lójú fóònù kí n máa sọ̀rọ̀. Mo dì í mú, mo sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo kí ọ, mo gbàdúrà, mo ròyìn oko, ìgbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò ni gbogbo rẹ̀ pòórá. Mo yí ẹ̀yìn fóònù wò, mo wo ilẹ̀, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ kí ó pòórá. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Èkó láti Ìjẹ̀bú-Òde ló máa bá mi gbé e wá. Jókòó kí o tó kà á.

Màmá Tíṣà kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Màmá Matilda náà ni, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí ó fi igi ìṣáná kọ́ ọ ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, tí ó máa ń fi òjojò sínú ewé fún ọ bí o bá gbà á dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá rẹ ní kí n rọra sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú èyí. Ìgbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù ní oṣù tó kọjá pé ara rẹ̀ kò yá, o ní kí Ọlọ́run wò ó sàn, o sì béèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá mò ń fọ ríìmù mọ́tò. Ọ̀rọ̀ mọ́tò náà gan-an ni mo fẹ́ sọ.

O rántí pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe Ojúde Ọba nígbà tí o wá gbé mọ́tò Kámúrì mi. O ní o fẹ́ lọ tún un ṣe, pé ó ti gbó lójú, pé mọ́tò ìdílé Ṣódípẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ Ìjẹ̀bú-Òde bí ẹni tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ. Táyà mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò tíì pé ọdún kan. Mọ́tò yẹn ni a fi ń gbé aláboyún, òun ni a fi ń gbé gaàrí, òun ni a fi gbé òkú bàbá àgbà rẹ láti ilé ìwòsàn wálé, kò sì kọ̀ rí.

Ìgbà tí o gbé e dé, ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní kí ló ṣe mọ́tò tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Èmi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí ríìmù ńlá tó ń dán, tó fẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ, mo wá táyà lára rẹ̀ títí kí n tó rí i. Ó tín-ín-rín, wọ́n fà á mọ́ etí ríìmù bí ìgbà tí èèyàn fi tipátipá dé fìlà ọmọdé fún àgbà. Mo fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní Bọ̀wálé, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ, wọ́n ta táyà mọ́tò kékeré fún ọ, yára lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. O ní Bàbá, wọn kò rẹ́ mi jẹ, sítáǹsì ni. Mo ní kí o fún mi ní nọ́ńbà Sítáǹsì kí n bá a sọ̀rọ̀, nítorí mo rò pé orúkọ ọmọkùnrin tó bá ọ ṣe é ni. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. O ní bí mọ́tò ṣe dúró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé kò dúró tẹ́lẹ̀ ni? O ti ń ya àwòrán.

Lẹ́yìn Ojúde Ọba, o fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi, o padà sí Èkó. Ní ọjọ́ kẹta ni o pè mí, inú rẹ ń dùn, o ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ti fẹ́ràn mọ́tò wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí èèyàn tó rí mẹ́rin tó fẹ́ràn rẹ̀ láyé yìí, iṣẹ́ ni, ká má tíì sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdúpẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi pé ìdílé wa dúpẹ́ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin olólùfẹ́ tí Olúwa fi jíǹkí wọn. Àlùfáà kà á sókè, gbogbo ìjọ bojú wẹ̀yìn bóyá wọ́n ti ń wọlé bọ̀. Mojí ọmọ Màmá Tíṣà, tó ń kàwé ní Ìjagun, ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ìsìn pé àwọn èèyàn náà kàn fi ìka kan àwòrán ni, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Mo ní ìka lásán? Ó ní ìka lásán ni, Bàbá.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Wàhábì fọkanáísà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òdógbolú, kí ó bá mi fún táyà ní afẹ́fẹ́. Ó wo táyà náà, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ṣe èyí fún mi. Mo ní ọmọ mi ni, sítáǹsì ni. Ó mi orí. Ó ní ríìmù yìí fẹ̀ ju táyà lọ, pé afẹ́fẹ́ lásán kò lè mú irú táyà bẹ́ẹ̀ gun orí rẹ̀, pé wọ́n ní láti fín òróró tó ń gbiná sínú rẹ̀, kí wọ́n ṣáná sí i, kí ó bú gbàù, kí etí táyà tó lè lọ jókòó síbi tí wọ́n fẹ́. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó ṣá a. Ó ní òun kò mọ̀, òun kò ṣe é rí, òun ní ọmọ nílé.

Mo sọ gbogbo ohun tí o sọ fún mi fún un, nítorí n kò fẹ́ kí ó fi ojú aláìmọ̀kan wò ọ́. Mo ní ọmọ mi ní mọ́tò á di ọ̀nà mú dáadáa báyìí, pé bí a bá ń yí kọ́nà, táyà kò ní máa mì. Wàhábì ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú bí tábìlì. Ó ní táyà tó bá ríìmù rẹ̀ mu máa ń yọ ikùn díẹ̀ síta, ikùn yẹn ló ń bá ríìmù gba ìyà bí ihò bá wà. Ó ní ẹ wo tiyín, Bàbá, ikùn rẹ̀ ti wọnú bí ti ẹni tó ń gbààwẹ̀, kò sí ohun tó máa gba ìyà náà. Ó ní bí mo bá já sí kòtò tó jìn, etí táyà lè bọ́ lára ríìmù, kí afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kí n má gbé èrò, kí n lọ gba táyà mi àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ yẹn àti lọ́sẹ̀ kejì. Mo pè ọ́, mo béèrè táyà àtijọ́. O ní o ti fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, pé kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn fọkanáísà ìgbèríko kò tíì rí ayé.

N kò ní purọ́ fún ọ nínú lẹ́tà yìí, Bọ̀wálé, nítorí irọ́ ti tó. Èmi náà fẹ́ràn ríìmù yẹn. Bí mo bá ń kọjá níwájú ọjà, àwọn géńdé á dúró, wọ́n á ní Bàbá Bọ̀wálé, ẹ ti wọ ayé o. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, kò sí ẹni tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fi ọ̀bẹ tí a fi ń kọ ara igi rọ́bà kí oje rẹ̀ lè máa ṣàn sílẹ̀ nílé iṣẹ́. Ní àárọ̀, kí n tó fọ ẹnu mi, mo ti fọ ríìmù. Mo ra kàn-ìn-kàn-ìn tuntun fún un. Ìyá rẹ ní ìgbà wo ni mo fọ ẹ̀yìn òun kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Wàhábì wọ etí mi, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá, kò tíì tó aago mẹ́jọ àárọ̀. Màmá Tíṣà jókòó ní ìloro ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mojí ní àwo kàn bọ́ lọ́wọ́ ìyá òun ni, ó fẹ́ pe òun, ọ̀rọ̀ sì wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mojí sáré wá sọ́dọ̀ mi láìwọ bàtà, ó ní Bàbá, ẹ gbà mí, ẹ gbé mọ́tò. Èmi àti ìyá rẹ gbé màmá náà sẹ́yìn ọkọ̀, Mojí jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé àyà. Ìyá rẹ dúró ti ilé. Mo wakọ̀. Mo ní láti sọ fún ọ pé mo sáré, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sáré lórí táyà yẹn nìyẹn, nítorí gbogbo ìgbà tó kù, mo máa ń rọra wà á kí àwọn èèyàn lè rí i dáadáa.

A kọjá Òdógbolú láìsí wàhálà. A kò tíì rìn jìnnà sí i tí kòtò kan yọ sí mi lábẹ́ omi òjò. Kòtò náà kò tóbi. Mo tún un sọ, kò tóbi, mo ti já sínú rẹ̀ pẹ̀lú táyà mi àtijọ́ láìmọye ìgbà, a kàn ń sọ pé yéè ni, a ó máa lọ. Lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ bọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ tẹ àpò omi, ọwọ́ mi kò lè di ìdarí mú mọ́, mọ́tò yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, irin ń jẹ ọ̀dà, ó ń dún kíkankíkan, títí a fi dúró sínú koríko. Mo sọ̀kalẹ̀. Táyà iwájú ti bọ́ lára ríìmù, ó so rọ̀ síbẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti já. Ríìmù ṣì ń dán.

Mo sáré lọ ṣí búùtù láti gbé táyà sípíà. Mo wá sípíà, sípíkà ni mo bá. Sípíkà méjì dúdú, wọ́n fi búlúù yí ojú wọn ká, wọ́n jókòó gbọin sí ibi tí táyà wà láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò. O kò sọ fún mi, Bọ̀wálé. Mo dúró síwájú wọn bí ẹni tó wọ yàrá rẹ̀ tó bá àjèjì lórí bẹ́ẹ̀dì.

Màmá Tíṣà ń mí bí ẹni tó ń hanrun. Mojí jáde sójú ọ̀nà, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀. Èyí tó kún kò dúró, èyí tí kò kún náà kò dúró, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn lójú ọ̀nà wa nísinsìnyí. Ọlọ́kadà méjì dúró. Mo yọ̀, mo ní wọ́n fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ya ríìmù. Ọ̀kan bi mí pé níbo ni mo ti rà á. Mo ní èèyàn ń kú lọ nínú mọ́tò yìí. Ó wo inú mọ́tò, ó ní háà, ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, òun kò lè fi ọ̀kadà gbé ẹni tí kò lè jókòó. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó ti ya àwòrán kí ó tó sọ ọ́.

Wàhábì náà ló kọjá lórí alùpùpù rẹ̀, ó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó rí mọ́tò, ó dúró, kò tíì rí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó fi lanu pé Bàbá, kí ni mo sọ fún yín nípa táyà yìí? Ṣé n kò sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì? Lẹ́yìn náà ló rí màmá, ó ju alùpùpù sílẹ̀ sínú koríko, ó bọ́ sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí ọkọ̀ tó bá máa pa òun pa òun. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé pákó ló dúró. Wọ́n ti màmá sí àárín dẹ́rẹ́bà àti Mojí níwájú, èmi gun orí pákó lẹ́yìn. Mo wo Mojí kí n tó gòkè, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu itọ́ ẹnu ìyá rẹ̀. Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí Wàhábì sọ. Ó lé ní wákàtí kan tí a ti wà níbẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbé màmá wọlé, ọkùnrin kan sì jókòó tì mí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó béèrè orúkọ, mo sọ ọ́. Ó béèrè ọjọ́ orí, mo fojú bù ú. Ó ní kí ni ìmẹ́lì mi. Inú bí mi. Mo ní ọ̀gá, èmi kò ṣe ìmẹ́lẹ́ rí láyé mi, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ igi rọ́bà, ẹ lọ béèrè. Ó ní rárá Bàbá, ìmẹ́lì. Mo ní bí ẹ ṣe pè é kò yí i padà. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rín in mọ́. Dókítà jáde lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà kan ní ọpọlọ màmá, pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà á, pé wọn ì bá lè ṣe ju èyí lọ ká ní a tètè dé. Ó bi wá pé kí ló dá wa dúró lọ́nà. Mojí yíjú sí mi. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní kòtò ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ fún dókítà pé kòtò ni. Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé kòtò ni. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ yí mi ká, mo ní kòtò ni, wọ́n bú ìjọba títí, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi pé mo gbé aládùúgbò mi. Bóyá orúkọ rẹ ni mo ń dáàbò bò, bóyá tèmi ni, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá rẹ mọ̀ mí, kò gbà mí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè.

Irọ́ mi wá di iṣẹ́ ìlú. Àwọn ọkùnrin ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní bí ìjọba kò bá ní dí kòtò náà, àwọn máa dí i nítorí Màmá Tíṣà tó kọ́ ìdajì wọn níwèé. Ẹnì kan gbé òkúta wẹ́wẹ́ wá, ẹnì kan gbé sìmẹ́ǹtì, àwọn obìnrin se ìkọ́kọ́rẹ́ sínú ìkòkò ńlá. Ọjọ́ Sátidé kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni a lọ. Wọ́n ní èmi ni kí n da iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí èmi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n gbé páànù lé mi lọ́wọ́. Mo wo kòtò náà, ojú tì mí níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá purọ́ mọ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Mo da iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wàhábì wà níbẹ̀, ó ń po sìmẹ́ǹtì, kò gbójú sókè. Ó bu ìkọ́kọ́rẹ́ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, mo gbé e fún ọmọdé kan tó dúró tì mí.

Láti ìgbà tí màmá ti kúrò ní ilé ìwòsàn ni mo ti ń gbé ọsàn lọ kí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, mo dé ìloro wọn, Mojí ń sá aṣọ. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní Mojí, kì í ṣe kòtò. Mo ní táyà ni, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wà á nítorí pé ó wù mí.

Ó sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó ní Bàbá, mo mọ̀. Ó ní mo gbọ́ ohun tí Wàhábì sọ lọ́nà. Ó ní mo rò pé ẹ máa sọ fún wa lọ́jọ́ kejì, mo tún rò pé bóyá lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé páànù fún yín, mo wà lẹ́yìn yín, mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ báyìí. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ náà. Ó ní ọsàn tí ẹ ń gbé wá, àwa kì í jẹ ẹ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Kò pariwo, Bọ̀wálé. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pè mí ní Bàbá, ó ṣì ń sọ pé ẹ. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, èmi àgbàlagbà. Ó ní kí n dìde, kì í ṣe òun ni mo ṣẹ̀.

A gbọ́ ìró láti inú yàrá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń sọ nǹkan kan, ó ń tún un sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, bí ẹni tó fi omi sẹ́nu ló rí. Mojí wọlé. Mo dúró, mo ní èpè ni, mo sì ti gbà á tán nínú ọkàn mi pé bí ó bá jẹ́ èpè, àmín ni n ó ṣe. Ó di ìgbà kẹta kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Mojí, ó wá jáde sí mi. Ó ní Màmá ń béèrè pé Bọ̀wálé ńkọ́. Ó ní ṣé irú táyà bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò tirẹ̀ ní Èkó, pé kí wọ́n sọ fún un kí ó bọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń ru ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri, mo ronú orúkọ mi, mo ronú ríìmù, mo ronú ohun tí àwọn èèyàn máa sọ, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti béèrè ohun tí ọmọ tí mo bí ń gùn lórí afárá ní Èkó. Ìyá tí a sọ di arọ ni ó béèrè rẹ̀. Mo délé, mo ní kí ìyá rẹ bá mi ṣí àwòrán ọjọ́ ìbí rẹ, èyí tí o fi ẹ̀yìn ti mọ́tò rẹ. A fẹ̀ ẹ́ títí ojú fi ń dùn wá. Ẹsẹ̀ rẹ ló dí táyà iwájú, koríko ló bo ti ẹ̀yìn. A kò rí nǹkan kan.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo wí. Bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò rẹ, bọ́ ọ lónìí. Má sọ fún mi pé ọ̀nà Èkó dára. Ti èmi, mo ti gbé Kámúrì sórí búlọ́ọ̀kù, mo bọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wà nínú ilé adìyẹ, wá gbé wọn tàbí kí o fi wọ́n sílẹ̀. Mo ti sọ fún àlùfáà kí ó fún mi láàyè ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ kí n sọ òtítọ́ níwájú àwọn tó bá mi dí kòtò. Ìyá rẹ ní òun máa jókòó sórí àga iwájú. Bí ojú bá máa tì wá, kí ó tì wá pa pọ̀.

N kò tọrọ owó táyà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Màmá Tíṣà ní láti lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ń bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n má bàa gan, kò sì sí mọ́tò tí a lè fi gbé e mọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń háyà ní àlọ àti àbọ̀. Owó kẹ̀kẹ́ náà ni kí o máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Má fi ránṣẹ́ sí mi, Mojí ni kí o fi ránṣẹ́ sí, bí ó bá gbà á. Bí kò bá gbà á, wá gbé e fúnra rẹ, kí o dúró ní ìloro wọn bí mo ṣe dúró.

Bọ̀wálé, inú mi kò dùn sí ọ, inú mi kò sì dùn sí ara mi, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ọ́, n kò ní ẹlòmíràn tí mo lè gba àdúrà yìí fún. Olúwa yóò la ojú rẹ kí ẹsẹ̀ rẹ tó gbé ọ, yóò pa ọ́ mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi tí kì í lọ, yóò jẹ́ kí o rí ẹni tó máa sọ òtítọ́ fún ọ, kí o sì ní etí tó máa gbọ́ ọ. Yóò mú ọ wálé láìfarapa. Àmín.

Bí o bá ti wo ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ tán, pè mí, kí o má sáré sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni Màmá Tíṣà ń wo ojú mi láti ojú fèrèsé, n kò sì tíì ní èsì láti fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Frederick Ṣódípẹ̀.